Erékùṣù Tristan da Cunha àti Àwọn Ará Ibẹ̀

Bí a bá na ọ̀pá sí àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, tí a sì wo agbedeméjì òkun ńlá tí ó pín ilẹ̀ Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà níyà, a ó rí àmì kékeré kan níhà ìsàlẹ̀, èyí tí ojú lè tètè fò dá. Tristan da Cunha ni orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé St Helena, ilẹ̀ tí ènìyàn ń gbé tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, ó ju 2,400 kìlómítà. Àwọn olùgbé ibẹ̀ kò tó 250, abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Kí ni ó mú wọn dé ibẹ̀? Kí ni kò sì jẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀?

Ará Pọtogí kan, Tristão da Cunha, ni ó rí erékùṣù náà ní ọdún 1506, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Fún nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tí ó fi ibẹ̀ ṣe ilé títí. Ní ọdún 1816 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀, nítorí wọ́n ti fi Napoleon sí ìgbèkùn ní St Helena, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi erékùṣù yìí ṣe ibùba láti wá gbà á sílẹ̀. Ní ọdún 1817 a pe àwọn ọmọ ogun náà padà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, William Glass ará Scotland, tọrọ àyè láti dúró pẹ̀lú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọlé méjì sì bá a dúró.

Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ ìwé àdéhùn pé ohun ìní wọn yóò jẹ́ ti gbogbo wọn lọ́gbọọgba, pé èrè àti ìnáwó yóò dọ́gba, àti pé ẹnikẹ́ni kì yóò ṣe ọ̀gá lórí ẹnìkejì rẹ̀. Ní ọdún 1827 àwọn obìnrin ti St Helena wá, wọ́n sì di aya àwọn àpọ́n tí ó wà níbẹ̀. Àwọn atukọ̀ tí ọkọ̀ wọn fọ́, láti ilẹ̀ Holland àti Ítálì, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Báyìí ni ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe di ẹbí kan.

Òkun tí ó yí wọn ká ni oko wọn, òun náà ni ojú ọ̀nà wọn. Láyé àtijọ́, igi ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀ wọn, aṣọ nípọn ni wọ́n sì fi ń bò ó. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wà lọ sí erékùṣù Nightingale nígbà náà láti kó ẹyin ẹyẹ. Ẹnìkan kò lè dá a gbé sórí omi, ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń fẹ́. Ṣùgbọ́n òkun a máa fúnni, a sì máa gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1885, ọkùnrin 15 wọ ọkọ̀ láti lọ ṣòwò pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá kan tí ń kọjá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó padà. Nínú abúlé tí ènìyàn rẹ̀ kò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ rò ó wò bí ọ̀fọ̀ náà ti pọ̀ tó!

Ìdánwò mìíràn dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1961. Ilẹ̀ mì, ó sì là nítòsí abúlé, iná sì ń tú jáde láti inú rẹ̀. Gbogbo ará ìlú, tí ó lé ní 260, sá wọ ọkọ̀, a sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ wọ́n rí iṣẹ́ owó oṣù, wọ́n rí iná mànàmáná àti ọjà tí ó kún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọn kì yóò tún rántí ilé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí wọ́n dìbò ní ọdún 1962, ènìyàn 148 ní àwọn yóò padà, àwọn 5 péré ni ó kọ̀. Ní ọdún 1963 ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti dé ilé. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn baba wa pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀ wọ́n wò lónìí yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú. Ọkọ̀ òfuurufú kò ní ibi tí yóò bà sí níbẹ̀. Láti Cape Town, ọkọ̀ òkun a máa lo bí ọ̀sẹ̀ kan. Èbúté wọn kéré. Bí ìgbì bá ń ru, àlejò lè máa wo abúlé láti orí omi fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gúnlẹ̀. Bí ó bá gúnlẹ̀, yóò rí oko ọ̀dùnkún òyìnbó, àti àwọn apẹja tí ń pa alákàsà fún títà ní òkèèrè. Yóò rí i pẹ̀lú pé gbogbo ìlú ni ó ni ilẹ̀, àti pé òfin fi ìwọ̀n sí iye ẹran ọ̀sìn tí ilé kọ̀ọ̀kan lè ní, kí ọlọ́rọ̀ má baà jẹ koríko tálákà tán. Ní ọdún 2020 wọ́n pa á láṣẹ pé kí a dá ààbò bo omi tí ó yí wọn ká, tí ó ju 600,000 kìlómítà níbùú lóròó.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ má ṣe fojú kéré àmì kékeré lórí àwòrán ayé. Kì í ṣe ọrọ̀ ilẹ̀ náà ni ó fa àwọn ènìyàn wọ̀nyí padà, nítorí ọrọ̀ pọ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọn kò rí rà ní ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú tí olúkúlùkù ti mọ ẹnìkejì rẹ̀, tí ọwọ́ gbogbo sì jọ wà lára ọkọ̀ kan náà.