Ìrìn-àjò Ìdílé Wa sí Erékùṣù Èkó

Ẹ̀yin ará wa ní Galadimawa, àwọn ọmọ wa tí a bí sí Àbújá mọ orúkọ Èkó dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí ó ṣe bọ́ sọ́wọ́ Òyìnbó. Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ọmọ tiwa lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Iwájú Ìgá Ìdúngànràn ni mo ti sọ ọ́ fún wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Òyìnbó yìnbọn sí ìlú, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Ọ̀rọ̀ epo pupa náà kò gbẹ́yìn o. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó fi ìlú lé wọn lọ́wọ́, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi. Ìwé náà ní kó ṣì máa jẹ́ ọba, kó máa parí ìjà ọmọ ìlú bí àwọn tó ń jà bá gbà, ṣùgbọ́n òfin Òyìnbó ló ga jù. Ọba wo ló tún kù níbẹ̀?

Ní Tinubu, àyè Ilojo Bar nìkan la bá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló kọ́ ilé náà. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìrántí ní 1956, wọ́n sì wó o ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró digbí.