Ilé-Ẹjọ́ Monrovia àti Ìgbẹ́jọ́ Agboolé

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 1847, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí etíkun Làìbéríà kéde ní Monrovia pé àwọn ti di orílẹ̀-èdè olómìnira. Òfin ìpilẹ̀ wọn sọ pé ọgbọọgba ni a bí gbogbo ènìyàn nínú òmìnira. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára àmì ìlú wọn sì wí pé ìfẹ́ òmìnira ni ó gbé àwọn dé ibẹ̀. Àwọn wo? Kpelle, Vai, Bassa, Kru àti Grebo kò wọ ọkọ̀ dé láti ibì kankan. Ibẹ̀ ni a bá wọn. Ó di ọdún 1904, lẹ́yìn ọdún 57, kí òfin tó ka àwọn onílẹ̀ sí ọmọ orílẹ̀-èdè.

Bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan ṣe di olófin méjì. Ẹni tí a pè ní ọ̀làjú ní ilé-ẹjọ́ àti lọ́yà. Ará ìgbèríko ní ìjòyè rẹ̀ àti aṣojú ìjọba. Àwa náà ní kóòtù ìbílẹ̀ lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àjèjì aláwọ̀ funfun ni ó là á sílẹ̀ fún wa. Ní Làìbéríà, dúdú ni ó ṣe é fún dúdú, èyí ni ó sì mú ìtàn náà korò létí.

Ẹ wo ọ̀ràn èèpo igi olóró tí wọ́n ń pè ní sassywood. A ó rẹ èèpo náà sínú omi, a ó sì fún ẹni tí a fura sí mu. Bí ó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, òun ni ó jẹ̀bi. Ní 1916, nínú ẹjọ́ Jedah àti Horace, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Monrovia dájọ́ pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin ìpilẹ̀, nítorí a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀. Ìdájọ́ rere ni. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kà á yóò rò pé ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀, kí olùkọ́ rẹ̀ má sì jẹ́ kí ó rò bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí ìjọba fi ń ṣàkóso ìgbèríko ní 1949 ka májèlé sí èèwọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi àyè gba àwọn ìdánwò kéékèèké tí kò lè pa ènìyàn. A sì ń gbọ́ ti sassywood fúnra rẹ̀ títí di ẹ̀yìn ogun tí ó parí ní 2003.

Níhìn-ín ni ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ti wúlò fún amòfin. Láti 1913 ni Eugen Ehrlich, amòfin ará Austria, ti kọ ọ́ pé inú àwùjọ fúnra rẹ̀ ni òfin ti ta gbòǹgbò, kì í ṣe inú ìwé àwọn aṣòfin. Ní 1963, James Gibbs ará Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí àwọn Kpelle ti ń parí aáwọ̀ nínú agboolé. Ilé ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá ni wọ́n ti ń jókòó, ẹbí àti aládùúgbò pọ̀ mọ́ra wọn. Ìbátan kan tí ó jẹ́ àgbà ni olùlàjà. Ìre ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó níbẹ̀ lè bi ìbéèrè. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò mú aṣọ, owó wẹ́wẹ́ tàbí ìrẹsì wá fi bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó jàre yóò dá owó kékeré padà fún un láti fi hàn pé ọkàn òun funfun. Ẹlẹ́bi yóò sì ra ọtí tí gbogbo wọn yóò jùmọ̀ mu. Ará Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú kò ní bèèrè àlàyé. Àwa ni a ń wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n ìjà tọkọtaya àti ọ̀ràn ogún ni irú ìgbẹ́jọ́ yìí wà fún. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, ọdún 1980, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ọmọ atẹ̀dó. Ní 1989 ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2009, ó dámọ̀ràn pé kí a lo ìgbẹ́jọ́ ìbílẹ̀ yìí fún ọ̀ràn ogun pẹ̀lú. Èmi kò gbà pé ọtí agboolé lè wẹ ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ nù. Ohun tí ó mú kí ìgbẹ́jọ́ àwọn Kpelle fìdí múlẹ̀ ni pé odò kan náà ni ẹlẹ́bi àti aláre yóò ti pọnmi lọ́la. Bí apànìyàn bá ń gbé Monrovia, tí opó ẹni tí ó pa sì ń gbé Nimba, ìbátan wo ni yóò pè wọ́n jókòó? Ọ̀ràn irú èyí ni a fi ń dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀, òun gan-an ni Monrovia sì pẹ́ jù lọ láti gbé sójú òfin. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 21 tí ìbọn ti dákẹ́, ni Ààrẹ Joseph Boakai tó fi ọwọ́ sí àṣẹ tí ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti ṣètò irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.