Ìyá Romana ti Pópó Àgùdà

Nígbà tí Fádà Francesco Borghero wọ Èkó lọ́dún 1863, ó bá ìjọ Kátólíìkì nílẹ̀. Kò sí fádà kankan tó dá a sílẹ̀. Àwọn Àgùdà ló ń sin Ọlọ́run láàárín ara wọn, àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun kó, tí wọ́n tà sí Brazil, tí àwọn tàbí àwọn ọmọ wọn sì ti rí ọ̀nà padà wálé. Bàbá kan tó ti ṣẹrú rí, tí wọ́n ń pè ní Pàdírè Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó ń ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn, tó sì ń dúró ti òkú wọn. Ó di 1868 kí fádà kan tó wá fìdí kalẹ̀ láàárín wọn. Nínú gbogbo ìtàn ìjọ Èkó, kò sí èyí tó ń wú mi lórí tó ìyẹn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ̀rọ̀ Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn l'Ékòó, kí n má dárúkọ Maria Romana da Conceição, ìyá àgbà tó gbé ìrántí àdúgbò náà dé ayé àwọn òbí wa. Ọdún 1899 ni Aliança, ọkọ̀ onígbòkun, ṣí kúrò ní Bahia. Ọdún mọ́kànlá ti kọjá tí òfin ti dá gbogbo ẹrú Brazil sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn arúgbó ṣì wà tó wù pé kí wọ́n fojú kan ilé kí wọ́n tó kú. Ọmọdébìnrin ni Romana láàárín wọn. Ìrìnàjò tó yẹ kó gbà wọ́n ní bí oṣù kan gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ oṣù. Àìsàn wọ inú ọkọ̀, àwọn kan kú sójú omi láìrí Èkó. Nígbà tí wọ́n sì dé lọ́dún 1900, ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nítorí àìsàn náà. Ẹ wo bó ṣe máa rí fún ẹni tó ti darúgbó, tí ilẹ̀ tí wọ́n ti jí i gbé lọ́mọdé wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ní kò tíì lè fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́!

Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross tí Romana bá l'Ékòó, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà ni. Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre ló ṣíwájú àwọn tó kọ́ ọ. Ojú Romana ni Kátídírà tuntun ṣe rọ́pò rẹ̀ láàárín 1934 sí 1939.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn obìnrin Àgùdà kọ́ kì í ṣe bíríkì. Ẹ lọ wo ilé wọn bí Ọjọ́ Ẹtì Rere bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà ìbejì sómi mọ́jú, wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀ gbẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì sẹ́ ẹ kí èèpo má baà kù sínú rẹ̀. Wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀wà náà pẹ̀lú ṣúgà, wọ́n á gbé e padà sórí iná, wọ́n á sì máa rò ó láìsinmi kó má baà jó mọ́ ìkòkò. Fùrèjọ́ọ̀nù nìyẹn. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, torí ẹnikẹ́ni kì í jẹran lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò tó jẹ́ Mùsùlùmí náà á rí tirẹ̀ gbà. Kí ọmọ tó lè ka katikísìmù, ó ti mọ ọjọ́ ikú Olúwa láti inú abọ́.

Láàárín irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Romana ti dàgbà, tó darúgbó, tó sì di ẹni tí gbogbo wọn ń wò. Nígbà tí Antonio Olinto, òǹkọ̀wé ará Brazil, wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 1962, èdè Potogí ni ìyá náà fi bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún tó ti kúrò ní Brazil. Lọ́dún 1963, wọ́n pè é padà sí Brazil, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ síbi tí ọkọ̀ onígbòkun ti gbé e wá. Mo gbádùn ìyẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ, pé ẹ̀mí rẹ̀ gùn tó láti fi ojú ara rẹ̀ rí Brazil lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìtàn ìrìnàjò Aliança ni Olinto gbé ka nígbà tó kọ ìwé rẹ̀, A Casa da Água, tó jáde lọ́dún 1969. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó wà lókè òkun ṣe ń ka ohun tí ojú ìyá náà rí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ń kọjá ní Campos, ní Pópó Àgùdà, láìgbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Èyí ń dùn mí. Kì í ṣe orúkọ nìkan là ń pàdánù: Ilojo Bar, ilé tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Tinúbú ní 1855, tí ìjọba ti sọ di ohun àjogúnbá, wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 lójú gbogbo wa. A kò lè dá ilé yẹn padà mọ́. Ṣùgbọ́n òpópónà tí a lè fi orúkọ Romana pè ṣì wà ní àdúgbò náà, àwọn tó mọ ìdílé rẹ̀ sì ṣì wà láàyè láti bá wa ṣí i.