Abẹ́rẹ́ Tó Ń Fún Aṣọ Lára: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ àti Ọmọlangidi Aṣọ

Ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn Iléyá ni àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ máa ń ṣe ọdún Káyókáyó wọn. Ìlù á máa dún, oúnjẹ á pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, àwọn ẹgbẹ́ á sì jáde nínú aṣọ tí wọ́n jọ dá. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò ní ibòmíràn tí yóò wò ju ọrùn agbádá lọ. Ìtàn ìlú náà wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti Campbell tó jẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ṣe ìwé àdéhùn tí a ń pè ní Àdéhùn Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n ó di 1862 kí Kòsọ́kọ́ tó padà sílé. Àwọn tí kò bá a padà ni Èkó Ẹ̀pẹ́ òní, bíbọ̀ tí wọ́n bọ̀ láti Èkó ni Káyókáyó sì ń rántí.

Ọdún 1851 yẹn gan-an ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí fi hàn pé kò sí agbádá kan tó bá Kòsọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tí kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, láti ìṣẹ́tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ọnà ọrùn rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà ti pẹ́ gan-an. Ní ìlú Ulm ní Jámánì, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Weickmann kó oríṣiríṣi nǹkan ilẹ̀ òkèèrè jọ, ó sì tẹ ìwé àkọsílẹ̀ wọn jáde ní 1659. Ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ lágbàáyé wà nínú ẹrù rẹ̀, ó ti Àlàdá wá, nínú ilẹ̀ Benin òde òní. Ẹ̀wù méjì wà pẹ̀lú ọpọ́n náà, àwọn náà ti Àlàdá wá. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ọpọ́n. Ó dùn mí pé ìwọ̀nba èèyàn ló ń dárúkọ ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹnì kan ló so ẹ̀wù wọ̀nyẹn pọ̀ ní ìgbà tí kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ kankan láyé.

Ta ló ń rán an? Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n tẹ̀ ní 1921, kọ ọ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni ìránṣọ, nítorí pé aṣọ ọkùnrin nìkan ló nílò aránṣọ, àti pé kíkó ọnà sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù wà lára iṣẹ́ náà. Obìnrin ń ró ìró, ó ń gba ìborùn, aṣọ títẹ́jú ni tirẹ̀. Ọkùnrin ló ń wọ ẹ̀wù tó ní ọrùn, apá àti àpò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ilé ìwé yóò yí i po nígbà tó bá yá.

Ọnà ọrùn agbádá ti ọ̀dọ̀ àwọn Hausa àti Núpé bá ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti òwò sọ̀kalẹ̀ wá. Ìlọrin sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà tó gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Bí a bá wo agbádá àtijọ́ dáadáa, ọnà rẹ̀ kì í dọ́gba. Apá òsì ló wúwo jù, nítorí ibẹ̀ ni àpò ńlá wà. Orí àpò yẹn ni àwọn ṣóńṣó gígùn ti ń yọ bí ẹnu ọ̀bẹ. Àwọn Hausa ń pè é ní aska takwas, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ. Ní àyà ọ̀tún, òwú máa ń lọ́ yípo bí ìkarahun ìgbín. Tambari ni wọ́n ń pe ìyẹn, orúkọ ìlù ọba. Irú rẹ̀ kan tún máa ń wà lẹ́yìn. Aṣọ mìíràn wà lábẹ́ ọnà tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá, kí ọrùn má baà fàya nígbà tí a bá ń gbé aṣọ wúwo bẹ́ẹ̀ gba orí wọ̀. Ẹwà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára aṣọ náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó mọ ìwé Lárúbáwá ló sábà máa ń fi tàdáwà yà á kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ kálàmù, ó mọ bí ìlà ṣe ń yí láì gé. Ẹlòmíràn yóò wá fi òwú tẹ̀ lé ìlà, ẹlòmíràn á kún inú rẹ̀, ẹlòmíràn sì lè máa ṣe kìkì àwọn ojú kéékèèké tó wà láàárín. Ẹ̀wù kan lè gbà wọ́n ní oṣù mélòó kan. Òwú pupa tí wọ́n ń pè ní àlàárì, orúkọ tó ti ọ̀dọ̀ Hausa àti Lárúbáwá wá, ti rìn la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ wọn.

Àwọn èèyàn máa ń da aṣọ olónà ti Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí òfì ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun ọ̀nì, ejò àti àwọn àmì mìíràn sínú aṣọ náà. Abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Aṣọ Ìjẹ̀bú lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gákọ̀ John Adams, nínú ìwé rẹ̀ ti 1823, fi kọ nípa rẹ̀ pé wọ́n ń rà á lọ sí Brazil. Ọjà orí ọ̀sà, pàápàá Èjìnrìn nítòsí Ẹ̀pẹ́, àti Ìkòròdú, ni ẹrù Ìjẹ̀bú àti ẹrù Èkó ti ń pàdé.

Ibi tí abẹ́rẹ́ obìnrin ti fi ara hàn ni àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Iṣẹ́ yìí wú mi lórí ju gbogbo yòókù lọ, nítorí pé a rán an láti tú u ni. Obìnrin yóò fi ìko gán aṣọ funfun, yóò fà á kó lè ká jọ, yóò sì rì í sínú aró. Bó bá gbẹ, yóò fi ọ̀bẹ tú gbogbo ojú ìrán. Ibi tí ìko ti dì í mú ni aró kò lè wọ̀, ibẹ̀ yóò sì funfun lójú aṣọ dúdú. Okùn ti lọ, ojú ọ̀nà rẹ̀ ló kù. Abẹ́òkúta ló gbé iṣẹ́ náà ga jù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí aṣọ funfun òyìnbó wọ́pọ̀ lọ́jà. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ rán irú àdìrẹ náà.

Títí dé ibi tí a dé yìí, ara ẹni tó wà láàyè ni abẹ́rẹ́ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni ó ń kàn mí jù: ó ń fún aṣọ fúnra rẹ̀ ní ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ilé ìwé òyìnbó ló kó ọmọlangidi aṣọ wá fún wa. Èmi kò gbà. Ní oṣù kejì ọdún 1826, arìnrìn àjò òyìnbó Hugh Clapperton wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n sì ṣe eré fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní 1829. Àwọn kan kọ́kọ́ jó nínú àpò aṣọ. Lẹ́yìn náà, òjòlá ńlá kan jáde. Aṣọ tí wọ́n kùn bí awọ ejò ni wọ́n fi ṣe é, àwọn èèyàn ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń rìn bí òjòlá tòótọ́. Ní ìkẹyìn, òyìnbó funfun kan yọ, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ nítorí òtútù. Clapperton ń wo ara rẹ̀. Lójú tèmi, òjòlá yẹn ni ọmọlangidi aṣọ àkọ́kọ́ tí ìwé dárúkọ nílẹ̀ Yorùbá, ilé ìwé òyìnbó kankan kò sì tíì sí níbẹ̀ nígbà náà.

Àwọn ọ̀jẹ̀, eléégún alárìnjó, ló ni irú eré bẹ́ẹ̀. Joel Adédèjì tó kọ iṣẹ́ ìwádìí ńlá nípa wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1969 tọ orísun wọn lọ sí ààfin Ọ̀yọ́. Òjòlá, ọ̀nì àti ẹkùn ni ìdán tí wọ́n ń pa, aṣọ rírán sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀kú egúngún fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀. Ẹbí yóò máa fi aṣọ tuntun lé aṣọ àtijọ́ lórí bí ọdún ti ń yí po, aránṣọ yóò sì fi ìgbàlà yí etí wọn ká, ìyẹn aṣọ pupa tí wọ́n gé ṣóńṣó ṣóńṣó bí eyín. Ní 2019, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn ní New York pàtẹ ẹ̀kú egúngún kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ tó wà lára rẹ̀ lé ní 300, láti Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣe ló dúró sójú kan. Nígbà tó bá ń yí po nínú agbo ni àwọn ọ̀já aṣọ rẹ̀ ń ṣí bí ìyẹ́, tí èèyàn á wá mọ ìdí tí aránṣọ fi so wọ́n mọ́ òkè nìkan tó sì fi ìsàlẹ̀ wọn sílẹ̀.

A kò dá nìkan wà nínú èyí. Àwọn Tív ní eré ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní Kwagh-hir, tí UNESCO kọ sínú àkójọ rẹ̀ ní 2019. Nílẹ̀ wa náà, ọmọlangidi máa ń jó lórí àwọn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n igi ló pọ̀ jù nínú àwọn wọ̀nyẹn.

Ilé ìwé wá yí nǹkan po. Anna Hinderer, ìyàwó oníwàásù òyìnbó, tó dé Ìbàdàn ní 1853 ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ. Ilé ìwé obìnrin tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869 náà ń kọ́ wọn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn oníwàásù títí di oṣù karùn-ún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé ìwé ń tẹ̀ lé ara wọn wọlé. Iṣẹ́ tí Johnson pè ní ti ọkùnrin di iṣẹ́ ọmọbìnrin nínú kíláàsì. Òdòdó ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n ń kó sára aṣọ tábìlì àti aṣọ ìrọ̀rí, nígbà tí ọ̀bẹ mẹ́jọ àti tambari wà níta, lọ́rùn bàbá wọn. Mo ka ìyẹn sí àdánù ńlá: ọmọ ń kọ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọnà ilé rẹ̀.

Ní oṣù kìíní 1955, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀, ó sì kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, nítorí abẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn ni wọ́n wà kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ apẹja àti ọmọ àgbẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló ń kó ọnà ọ̀pọ̀ agbádá, láàárín wákàtí mélòó kan. Ó mọ́, ó dọ́gba, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Síbẹ̀ ẹni tó bá fi ìka kan ọnà àfọwọ́ṣe yóò mọ̀ ọ́n lójú òkùnkùn, nítorí pé ó ga, ó sì kì. Nike Òkúndayé, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní 1951, wà lára àwọn tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wà láàyè. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1983, ilé ọnà rẹ̀ sì wà ní Lẹ́kkí.

Ní Brazil, ọmọlangidi aṣọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Abayomi. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé àwọn ìyá ẹrú ló ya aṣọ wọn ṣe é fún ọmọ nínú ọkọ̀. Kì í ṣe òótọ́. Lena Martins ló dá a sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 ní Rio de Janeiro. Kò lo abẹ́rẹ́ rárá, kókó ló ta. Orúkọ Yorùbá lára àkísà tí a ta ní kókó dùn mọ́ mi bí ó ti wù kí ìtàn rẹ̀ kúrú tó.

Ọmọlangidi aṣọ tiwa, èyí tí ọmọ ń ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, nílò abẹ́rẹ́. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ lé aṣọ méjì tó wà lórí ara wọn, yóò ya ìlà tó fẹ̀ ju ọwọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka kan, yóò gé e. Ojú ni kó kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí aṣọ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ: òwú dúdú fún ẹyinjú, pupa fún ẹnu, pélé mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó bá wù ú. Bó bá so ó pọ̀ tán kó tó ṣe ojú, abẹ́rẹ́ kò ní ráyè. Lẹ́yìn náà, kí ó kọjú méjèèjì síra, kí ó rán an yíká, kí abẹ́rẹ́ máa padà sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lọ síwájú, kí ojú ìrán má baà tú. Ìsàlẹ̀ nìkan ni kò ní rán. Kí ó fi àlùmọ́gàjí gé ibi ọrùn díẹ̀díẹ̀ láì kan òwú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọrùn yóò kákò. Kí ó yí i síta, kí ó fi òwú kún orí, kí ó sì fi ihò sílẹ̀ fún ìka.

Ìka ìfábẹ̀lá yóò gbé orí, àtàǹpàkò àti ìka àárín yóò di ọwọ́ méjèèjì. Bí ọmọ bá tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ọmọlangidi náà yóò dọ̀bálẹ̀. Ìjúbà ni àwọn ọ̀jẹ̀ náà fi ń bẹ̀rẹ̀ eré kí òjòlá tó jáde.