Ọpọ́n Ayò ní Ilẹ̀ Wa

Ẹni tó bá dé ìdí ọpọ́n ayò kì í wò ó pé ta ló jẹ́ àgbà. Ohun tí yóò wí ni: “Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè!” Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta, òpè sì ni ẹni tí wọ́n ń jẹ. Níbẹ̀ nìkan ni ọmọ ogún ọdún ti lè na bàbá àgbà láìṣe àrífín. Àwọn òǹwòran á máa fi òpè ṣẹ̀fẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bínú.

Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pààlà ní 1889, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlaró bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìwé yàtọ̀, owó yàtọ̀. Ayò kò yàtọ̀.

Ṣáájú ìyẹn, òwò ẹrú ti kó àwọn ènìyàn Áfíríkà kọjá òkun. Ní Antigua àti Barbados, wọ́n ṣì ń ta irú ayò yìí, wọ́n ń pè é ní warri: ihò 12 náà ni, ọmọ 48 náà ni. Dómínò gbajúmọ̀ ní erékùṣù wọ̀nyẹn báyìí, síbẹ̀ wọn kò sọ warri nù.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀ta ń darúgbó. Ẹ̀yin aláṣẹ mérì, bí ẹ bá ń ṣètò pápá ọdún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibòòji kan àti àga mélòó kan sílẹ̀ fún ọpọ́n. Kí ó jìnnà sí ìlù díẹ̀ o, nítorí ọ̀ta ń ṣírò lọ́kàn.