Ahọ́n, Ojú àti Ẹ̀rọ: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ Omi Tí Ó Lóró

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti ń wá ọ̀nà láti mọ omi tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí ó lè pa á. Ní Ugbonla àti ní gbogbo etíkun Ìlàjẹ, níbi tí omi ti jẹ́ ọ̀nà, tí ó sì tún jẹ́ oko, ahọ́n ni a fi ń mọ omi tí iyọ̀ ti wọ̀, imú ni a fi ń gbọ́ òórùn epo, ojú ni a sì fi ń rí ẹja tí ó kú tí ó léfòó. Ẹlẹ́rìí àtijọ́ mẹ́ta nìyí.

Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ elépo dé, ẹ̀rí àwọn mẹ́ta yìí kò tó mọ́. Àwọn ará Ìlàjẹ sọ pé àwọn ọ̀nà omi tí a gbẹ́ fún iṣẹ́ epo ni ó jẹ́ kí omi òkun ya wọ inú odò, tí igi fi kú, tí ẹja sì fi sá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ wọn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ gba ibùdó epo Chevron ní Parabe lórí òkun. Àwọn ológun dé, wọ́n sì yìnbọn pa méjì nínú wọn. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, ṣùgbọ́n ní ọdún 2008 ilé-ẹjọ́ dá Chevron láre. Ẹjọ́ ìbọn ni wọ́n dá níbẹ̀. Ẹjọ́ omi kọ́ ni.

Kì í ṣe gbogbo májèlé ni ahọ́n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé ní Ogale, ní ilẹ̀ Ogoni, benzene tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú omi kànga ní ìlọ́po 900 ìwọ̀n tí ó yẹ. Omi náà ni àwọn ènìyàn ń mu.

Nítorí irú èyí ni báyósẹ́ńsọ̀ ṣe wúlò. Ní ọdún 1962, Leland Clark àti Champ Lyons ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí a ti lè so èròjà inú ohun alààyè mọ́ ẹ̀rọ kí ó lè sọ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn mìíràn lo kòkòrò àìfojúrí inú òkun tí ń tàn bí iná: bí májèlé bá kàn wọ́n, ìmọ́lẹ̀ wọn a dínkù, láàárín ìdajì wákàtí a ó sì ti mọ bí omi náà ti lóró tó.

Síbẹ̀, kòkòrò tí ń tàn kò mọ orúkọ ẹni tí ó da epo. Ní ọdún 2020, kànga epo Ororo-1 gbiná lórí òkun nítòsí Awoye ní Ìlàjẹ, ó sì jó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí kò bá wọn omi rẹ̀ kí epo tó dà, kí ni yóò fi wé e lẹ́yìn náà? Àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí omi ṣì dára ni ẹ̀rí tí Ìlàjẹ nílò jùlọ.