Ìbẹ̀rẹ̀ Itẹ́ Òkú Ajẹ́lẹ̀ ní Erékùṣù Èkó: Ọ̀rọ̀ Ilé àti Ilẹ̀

Àwọn òpìtàn kan ti sọ ọ́ di àsọtúnsọ pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kó itẹ́ òkú wọ erékùṣù Èkó lẹ́yìn tí wọ́n gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, pé Yorùbá kò mọ ibòmíràn tí à á sin òkú sí ju abẹ́ yàrá lọ. Ẹ̀rí kò gbè ọ̀rọ̀ yìí. Kí òyìnbó tó dé, ẹni tí Ṣàngó pa, abuké, adẹ́tẹ̀ àti aboyún tó kú toyún-toyún kì í wọnú ilé. Igbó ni wọ́n ń sin wọ́n sí, tètùtù-tètùtù. Ẹni tó bómi lọ, etí omi ni.

Síbẹ̀, òkú tí ilé kọ̀ yàtọ̀ sí òkú tí kò nílé, ìyàtọ̀ yìí sì ni àwọn tí mò ń dá lóhùn fò dá. Igbó ló ni ti àkọ́kọ́. Itẹ́ òkú Ajẹ́lẹ̀ ló ni ti èkejì. Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí a gbà lóko ẹrú àti ọmọ wọn, tó ti Freetown dé, tí wọ́n pọ̀ sí i lẹ́yìn 1851, kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí àdúgbò Olówógbowó, ṣùgbọ́n kò sí sàréè bàbá ńlá wọn kankan lábẹ́ rẹ̀. Orí ilẹ̀ tó níwèé ìjọba ni púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí wà. Oníṣòwò a fi ìwé náà yáwó. Bí ọjà bá kùtà, olówó a gbẹ́sẹ̀ lé ilé. James Pinson Labulo Davies, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá wọn, fi ilé àti ilẹ̀ dúró fún gbèsè, ó sì wọko gbèsè ní àwọn ọdún 1870. Ta ni yóò sin bàbá rẹ̀ sábẹ́ yàrá tó lè di ti ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀? Sàréè ló ń sọ ilé di ohun tí ọmọ kì í tà. Nígbà tí Davies kú ní 1906, Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ẹni tó kú ní 31 Oṣù Kejìlá 1891. Ogun ti run Òṣoògùn, ìlú bàbá rẹ̀, láti 1821. Ilé wo ni à bá gbé e lọ?

Ẹnìkan lè ní ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ló fà á. N kò sẹ́ pé ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin ní nǹkan bí igba ọdún, títí dòní àwọn agbo ilé ń sin òkú sí àgbàlá. Ẹ̀sìn nìkan kì í lé òkú kúrò nílé. Òfin ńkọ́? Ní Accra, òfin 1888 ka sínsin òkú sínú ilé léèwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn Gá, onílẹ̀ ibẹ̀, ṣì ń sin òkú sílé ní bòókẹ́lẹ́ nígbà náà. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ títà ṣe ju òfin lọ ní Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé kù tí a ó yẹ̀ wò. Nígbà tí ìjọba ológun Mobolaji Johnson ní Ìpínlẹ̀ Èkó wó Ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn 1970, Kàtídírà Marina ló gba eegun Crowther ní 1976. Kò padà sábẹ́ yàrá ìdílé kankan.

Ìbéèrè òkú tí kò nílé yìí ló darí mi sí Òkè Súnnà. Ní Ìlọrin, ibẹ̀ ni Ṣólàgbérù, aṣáájú Mùsùlùmí Yorùbá, kó àwọn Mùsùlùmí láti onírúurú ìlú jọ sí kí ìjọba ẹ́míà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀; àdúgbò kan ní erékùṣù Èkó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àlejò tó tìtorí ẹ̀sìn kóra jọ, tí kò tíì ní àgbàlá bàbá, níbo ló ń sin òkú sí ní ìran àkọ́kọ́? Ìwé títà ilẹ̀ àti ìtàn agbo ilé ni mo ń kà pọ̀ báyìí láti mọ ìgbà tí sàréè wọnú àgbàlá wọn.